Ìhámọ́ra Tí Khalilullah Kò Parí

Àtìní, 2 Oṣù Kẹfà

Khalilullah àbúrò mi, òní ló pé ọjọ́ mọ́kànlélógójì tí o ti fi wá sílẹ̀. Àná ni a ṣe àdúà ogójì ọjọ́. Àwọn alùfáà ṣe àdúà, wọ́n jẹun, wọ́n lọ. Nígbà tí ilé pa lọ́lọ́, mo wọ yàrá rẹ láti kó àwọn aṣọ tí a fẹ́ fi ṣe sàráà. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo ti bá ìwé yìí pẹ̀lú àpò ike ńlá kan. Ìwé àwòrán rẹ ni. Ojú ewé mọ́kànlá ló kún, ìyókù ṣófo. Ibẹ̀ ni mo ń kọ èyí sí. Ìwọ lo ni ìwé, kò yẹ kí n kọ ọ́ sí ẹlòmíràn.

Mo mọ̀ pé o ń ṣe nǹkan kan. N kò mọ̀ pé ó tóbi tó báyìí. Ẹ̀ṣọ́ Sánmà ni o pè é, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ tó ń lọ sí ìràwọ̀. Ìhámọ́ra láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ àyà rẹ̀ o kọ ọ́ pé: "Iná yìí gbọ́dọ̀ máa mí." Ní ẹ̀gbẹ́ orí: "Ohùn. Fáànù kékeré, kí ojú má baà làágùn." Ní ìsàlẹ̀ ojú ewé tó kẹ́yìn: "Àlàmísì, 24 Oṣù Keje, ọjọ́ ìparí ọdún ẹ̀kọ́. Mo ti ṣèlérí fún àwọn ọmọ."

Nínú àpò náà ni mo ti rí wáyà, iná wẹ́wẹ́, sipíkà kan tí kò ju ìdérí ìgò lọ, àti akoto ọ̀kadà rẹ. O ti fi ayùn gé iwájú rẹ̀ kúrò láti fi ṣe orí ẹ̀ṣọ́ náà.

Ìdí nìyẹn tí o kò fi dé e lọ́jọ́ tí ọ̀kadà gbé ọ ṣubú lọ́nà Wásinmi.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun Àsárì.

Jímọ̀, 6 Oṣù Kẹfà

Iléyá. Òjò lù wá láti yídì dé ilé. Màmá bu ẹran tìrẹ sọ́tọ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n rántí.

Àtàlátà, 10 Oṣù Kẹfà

Mo lọ sí ilé-ìwé rẹ ní Àpòmù. Ìyáàfin Afọláyan, igbákejì ọ̀gá àgbà, ló gbà mí lálejò. Wọ́n ṣì ń pè ọ́ ní "Ọ̀gá Khalil wa". Wọ́n mú mi dé yàrá tí ẹgbẹ́ onísáyẹ́ǹsì rẹ ti ń pàdé. Àwòrán ìràwọ̀ tí ẹ yà sára ògiri ṣì wà níbẹ̀.

"Ọmọ mọ́kànlélógún ló wà nínú ẹgbẹ́ yìí," ni wọ́n wí. "Kò sí olùkọ́ tó fẹ́ gbà á. Bí wọn ò bá rí nǹkan kan fi han àwọn òbí lọ́jọ́ ìparí, a máa tú ẹgbẹ́ ká, a sì máa kó àga tó ti kán sínú yàrá yìí."

Mo ṣí àwòrán ìhámọ́ra náà hàn wọ́n ní ojú ewé kẹsàn-án ìwé rẹ. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Ṣé ẹ mọ iṣẹ́ iná ni?"

"Rárá mà. Télọ̀ ni mí."

"Ẹ máa ṣe é báwo?"

"Ohun wíwọ̀ ṣáà ni mà. Màá rán an."

N kò mọ ibi tí mo ti rí ẹnu sọ ọ́. Mo ya sọ́dọ̀ Mùkáílà ọ̀rẹ́ rẹ nídìí fóònù tó ń tún ṣe lẹ́bàá ọjà. Ó mọ̀ nípa ìhámọ́ra náà. Ó ní ara yín dọ́gba, òun ló yẹ kí o máa fi wọ̀n ní oṣù kẹrin. "Màá ṣe iná rẹ̀, Àǹtí," ó wí. "Màá sì wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ má sunkún sórí tábìlì mi, ẹ jọ̀ọ́, omi kì í ṣe ọ̀rẹ́ fóònù."

Sátidé, 14 Oṣù Kẹfà

Bọ̀dá Jímọ́ọ̀ aránbàtà, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, ta gbogbo fóòmù pẹlẹbẹ tó ní fún mi. Ó ti gbówó lórí, àmọ́ ó fún mi ní gọ́ọ̀mù agolo kan lọ́fẹ̀ẹ́.

Ojú ewé tìrẹ ṣì wà nínú ìwé ìwọ̀n mi. Bí oníbàárà bá kú, mo máa ń fa ìlà sí ojú ewé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi, kí ọwọ́ má baà ṣèèṣì gé aṣọ fún òkú. N kò tíì fa tìrẹ. Àyà méjìdínlógójì. Èjìká mọ́kàndínlógún. Apá mẹ́rìnlélógún. Mo gé e bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ni mo fi yan fóòmù náà kó lè tẹ̀. Bó bá gbóná, á rọ̀ bí ẹ̀kọ. Bó bá tutù, á dúró síbi tí o tẹ̀ ẹ́ sí. Mo tẹ èjìká rẹ̀ lórí orúnkún mi.

Ó tó ọdún méjì tí mo ti wọ̀n ọ́ kẹ́yìn. Ọwọ́ mi ṣì mọ ọ̀nà.

Àlárùbá, 18 Oṣù Kẹfà

Mo fi ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Òjò kò jẹ́ kó tètè gbẹ. Mo gbé e kọ́ sára ère onígi tí mo fi ń pàtẹ aṣọ, mo sì gbé akoto lé e lórí.

Màmá gbé oúnjẹ ọ̀sán wá. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Sàlámọ̀tù, ta ló wà nínú ẹ̀?"

"Kò sí ẹnì kankan, Màmá. Fóòmù ni."

"Kí ló wá dé tó fi dúró bí ẹni tó ń retí èèyàn?"

Ìgbà yẹn ni wọ́n rí akoto. Ọ̀dà kò ní kí wọ́n má dá a mọ̀. Àwọn ni wọ́n bá ọ san owó rẹ̀. Wọ́n gbé oúnjẹ sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n ní, "Dáná sun ún," wọ́n sì lọ.

Sọ́ńdè, 22 Oṣù Kẹfà

Mùkáílà wá láti Àpòmù pẹ̀lú irin tó fi ń jó wáyà pọ̀. Láàárọ̀ ó fi iná sí àyà. Iná náà rọra ń tàn, ó rọra ń kú, ó tún ń tàn. O sọ pé kó máa mí, Khalil. Ó ń mí.

Lẹ́yìn ìrun Ṣúúrù ó ṣí inú akoto. Ó ní o ti parí apá ibẹ̀ fúnra rẹ: fáànù, sipíkà, bátìrì kékeré, àti ẹ̀rọ kan tó máa ń mọ̀ bí ènìyàn bá wà nítòsí. Òoru ara ni ẹ̀rọ náà fi ń mọ̀. Bátìrì rẹ̀ ti gbó, ó ní, àmọ́ ká wò ó. Ó ti súìṣì sílẹ̀.

"Ta ló wà níbẹ̀?"

Ohùn rẹ ni. Kì í ṣe ohùn tí o fi ń kọ́ ọmọ níwèé. Ohùn tí o fi ń béèrè láti inú balùwẹ̀ ni, nígbà tí ẹnì kan bá kan ilẹ̀kùn, tí o sì ti mọ̀ pé èmi ni.

Irin bọ́ lọ́wọ́ Mùkáílà, ó jó tábìlì mi. Ó he irin náà, ó sì fi ìka tọ́ka sí bọ́tìnnì pupa kan nínú akoto. "Àǹtí, ẹ má fọwọ́ kan èyí láéláé. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, ohùn tuntun ló máa gbà, ti Khalil á sì pa rẹ́."

Mo tọrọ awọ kékeré lọ́wọ́ Bọ̀dá Jímọ́ọ̀, mo rán an bo bọ́tìnnì náà. Kókó mẹ́ta ni mo ta.

Àtàlátà, 24 Oṣù Kẹfà

Nǹkan bí agogo méjì ọ̀sán, mo wà nídìí ẹ̀rọ, mo kọ ẹ̀yìn sí i. Kò sí oníbàárà. Ó ní, "Ta ló wà níbẹ̀?"

Mo yíjú. Kò sẹ́ni tó wọlé. Iná àyà rẹ̀ ń mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Mo pe Mùkáílà lórí fóònù. Ó ní, "Oòrùn ló mú kọ́tìnnì gbóná, Àǹtí. Òoru ni ẹ̀rọ yẹn mọ̀. Kò mọ̀ bóyá ènìyàn ni tàbí kì í ṣe ènìyàn."

N kò sọ fún un pé ojú ọjọ́ ti ṣú láti àárọ̀. Oòrùn kò yọ ní Ìkirè lónìí.

Jímọ̀, 27 Oṣù Kẹfà

Mo ń ti ìrun Jímọ̀ bọ̀. Mo ti fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ nílé, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù sì wà ní ṣíṣí. Láti ìta ni mo ti gbọ́ ọ: "Ta ló wà níbẹ̀?"

Mo sì gbọ́ Màmá: "Èmi ni, Khalil."

Mo yọjú. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, ọwọ́ méjèèjì lórí itan, bí ẹni tó wá kí èèyàn nílé ìwòsàn. Wọ́n mira díẹ̀. Ó tún béèrè. Wọ́n tún dáhùn. Wọn kò sunkún. N kò lè wọlé. Inú oòrùn ni mo dúró sí títí wọ́n fi jáde, wọ́n sì kọjá lára mi bí ẹni tí kò rí mi.

Àtìní, 30 Oṣù Kẹfà

Màmá tún wá. Wọ́n gbé àga tiwọn wá láti ilé.

Àlàmísì, 3 Oṣù Keje

Mo ń lẹ fóòmù ẹsẹ̀, Màmá jókòó ní ààyè wọn. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni sọ pé òjò ń bọ̀:

"Ó ní kí n wọlé."

Mo gbé agolo gọ́ọ̀mù sílẹ̀. "Ta ni, Màmá?"

"Àbúrò ẹ. Bó bá ti béèrè tán, á ní kí n wọlé. Á ní kí n má bẹ̀rù."

"Wọlé síbo?"

"Mo ti bi í. Kì í dáhùn ìyẹn."

Mo dúró níwájú ìhámọ́ra náà títí ó fi sọ̀rọ̀ nígbà mẹ́wàá. Ìbéèrè yẹn nìkan ni. Mo pe Mùkáílà, ó ní ẹ̀rọ náà lè gbé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, àmọ́ ìbéèrè yẹn nìkan ló ń sọ. Lẹ́yìn ẹ̀ ó máa ń dákẹ́. "Ọjọ́ orí ni, Àǹtí. Màmá ń fi kún un."

Màmá kò jẹ oúnjẹ alẹ́. Wọ́n ní ebi kò pa wọ́n.

Bí ìwọ bá ni, má pè wọ́n. Mo bẹ̀ ọ́. Àwọn nìkan ni mo ní.

Sátidé, 5 Oṣù Keje

Mo yọ bátìrì rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀. Màmá jókòó níwájú rẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, wọn kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n ní, "Dá a padà fún un, Sàlámọ̀tù. Ìwọ náà, bí wọ́n bá di ọ́ lẹ́nu ńkọ́?"

Mo dá a padà.

Sátidé, 12 Oṣù Keje

Ìdààmú. Mùkáílà wá wọ̀ ọ́ wò. Orí wọlé, apá wọlé, àyà há. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró.

"Àǹtí, mi ò lè mí o! Ẹ yọ mí! Ẹ yọ mí!"

Èmi àti Bọ̀dá Jímọ́ọ̀ la fà á yọ. Bọ̀dá Jímọ́ọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Sàlámọ̀, ìwọ̀n ara èèyàn lo fi gé e?"

"Ìwọ̀n wo ni ǹ bá tún fi gé e?"

"Ẹ̀yin télọ̀! Nítorí pé aṣọ kò nípọn, ẹ rò pé kò sóhun tó nípọn láyé. Àwa aránbàtà mọ̀ pé ẹ̀yìn bàtà lọ́tọ̀, inú bàtà lọ́tọ̀. Fóòmù ti jẹ íńṣì mẹ́ta lára ọmọ ọlọ́mọ!"

Kò purọ́. Ogún ọdún ni mo ti ń ránṣọ, n kò rò ó. Ìwọ̀n rẹ ni mo gé, fóòmù sì ti gba ààyè rẹ. Ẹni tó bá tó ọ kò lè wọ inú rẹ̀ mọ́. Fóòmù ti tán lọ́wọ́ Bọ̀dá Jímọ́ọ̀, kò sí lọ́jà Ìkirè, kò sí ní Àpòmù, ọjọ́ méjìlá ló sì kù.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo ti ilẹ̀kùn, mo gbé e wọ̀. Àyà, apá, ẹsẹ̀. Mo gbé akoto lé orí. Ó bá mi mu wẹ́kú. Òórùn ìpara orí rẹ ṣì wà nínú rẹ̀.

Mo dúró jẹ́ẹ́. Ẹ̀rọ náà béèrè ta ló wà níbẹ̀, létí mi gan-an.

Àlárùbá, 16 Oṣù Keje

Mo ń kọ́ bí mo ṣe máa rìn nínú rẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Bọ̀dá Jímọ́ọ̀ yọjú lórí ògiri.

"Àháà! Sàlámọ̀ ti di eléégún! Obìnrin kì í gbé eégún o!"

"Bọ̀dá, eégún wo lẹ rí tó ń lo bátìrì?"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sọ̀ kalẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi. "Ó borí, ó bojú. Ohùn òkú ló ń jáde lẹ́nu ẹ̀. Kí lo fẹ́ ká máa pè é?"

Mo yí padà, mo ń rìn lọ. Orúnkún rẹ̀ ń ké wìn-ìn wìn-ìn.

Sọ́ńdè, 20 Oṣù Keje

Màmá ti gbọ́ pé Àlàmísì ni a ń gbé e lọ sí Àpòmù. Wọ́n fi àga wọn dí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

"Kò níí lọ."

"Màmá, ẹ̀yin lẹ ní kí n dáná sun ún."

"Mi ò tíì gbọ́ ohùn ẹ̀ nígbà yẹn."

"Ó ti ṣèlérí fún àwọn ọmọ ni. Bí a ò bá gbé e lọ, wọ́n á tú ẹgbẹ́ ẹ̀ ká."

"Ẹgbẹ́ á rí olùkọ́ míì. Bí o bá gbé e lọ, ta ni yóò máa bi mí pé ta ló wà níbẹ̀?"

Mo wo ọwọ́ wọn. Ó ti gbẹ ju bó ṣe wà ní oṣù kẹrin lọ. Mo kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ má jẹ́ kó dá lọ. Ẹ bá a lọ."

Nígbà tó yá, wọ́n gbé àga kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Àlárùbá, 23 Oṣù Keje

Mùkáílà fi bátìrì tuntun sí akoto. Ó ní ògbólógbòó yẹn lè kú lójú àwọn òbí, ìyẹn ìtìjú. A kò dán an wò, nítorí pé ojo ti mú mi. Òjò ń bọ̀ láti ọ̀nà Ararọ̀mí-Òwu.

Àlàmísì, 24 Oṣù Keje

Ọjọ́ kẹtàléláàádọ́rùn-ún.

Nínú yàrá ẹgbẹ́ rẹ ni mo ti wọ̀ ọ́. Mùkáílà so okùn ẹ̀yìn, ó tan iná àyà, ó ní, "Ọlọ́run á bá wa ṣe é, Àǹtí." Fáànù ń fẹ́ sí mi lójú. Ojú ihò kékeré ni mo fi ń rí ayé. N kò gbọ́ nǹkan kan ju èémí mi lọ, bí ẹni pé ẹlòmíràn ni ó ń mí.

Mo jáde sí gbọ̀ngàn. Ariwo ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan. Mo rí àwọn ọmọ mọ́kànlélógún rẹ lọ́wọ́ iwájú. Wọ́n ń fà sẹ́yìn lórí ìjókòó. Ọmọ kan fi ìwé bojú. Mo rí Màmá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyáàfin Afọláyan. Mo ka ìgbésẹ̀ mi. Ní ìkejìlá mo dúró níwájú wọn.

"Ta ló wà níbẹ̀?" ni o wí.

Àwọn ọmọ mọ ohùn náà. Mo ń dúró kí o dákẹ́.

O kò dákẹ́.

"Wọlé," ni o wí. "Má bẹ̀rù. Èmi náà ń bẹ̀rù."

Láàárín ihò ojú mo wo Màmá. Wọ́n ti dìde dúró. Wọn kò wò mí. Àwọn ọmọ ni wọ́n ń wò. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Goodness ti kúrò lórí bẹ́ǹṣì, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé iná àyà. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn dé. Wọ́n yí mi ká, wọ́n ń fọwọ́ kàn mí, ìwọ sì ń béèrè, o ń ní kí wọ́n wọlé, o ń ní kí wọ́n má bẹ̀rù. Wọ́n ń dáhùn. "Èmi ni, Ọ̀gá!" "Èmi náà ni o!" Mo sunkún nínú rẹ̀. Fáànù ń mú omi náà gbẹ.

Ìyáàfin Afọláyan sọ níwájú gbogbo òbí pé àwọn fúnra wọn á máa mójú tó ẹgbẹ́ náà títí olùkọ́ á fi dé.

Nígbà tí a fẹ́ gbé e sínú ọkọ̀, Màmá di apá mi mú.

"Fi í sílẹ̀ síbí."

"Màmá?"

"Àwọn ọmọ ni ó ń pè pé kí wọ́n wọlé. Kì í ṣe èmi."

Wọ́n jẹ dòdò àti ẹja nínú ọkọ̀ títí a fi dé Ìkirè.

Jímọ̀, 25 Oṣù Keje

Mùkáílà ti ṣàlàyé. Bátìrì ògbólógbòó náà kò lágbára. Ìbéèrè nìkan ló lè gbé, á sì kú kó tó dé ìyókù. Láti oṣù kẹrin ni ọ̀rọ̀ tó kù ti wà níbẹ̀. "Torí náà, Àǹtí, kò sí ẹni tó lè gbọ́ ọ ṣáájú àná."

Mo bi Màmá bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọn kò gbójú sókè.

"Mo sọ fún ẹ nígbà náà. Ìwọ ni o ò gbọ́."

N kò ní fa ìlà sí ojú ewé rẹ. Ìyáàfin Afọláyan ti fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yàrá náà. Ní gbogbo Jímọ̀, bí mo bá ti kírun tán, màá wọ ọkọ̀ lọ sí Àpòmù, màá gbé bátìrì rẹ sí iná títí yóò fi kún, kí o lè máa sọ ọ̀rọ̀ rẹ parí.